Àmì Orí Orúkọ

Ìbéèrè kejìlá fò lọ, ó tún padà. Alhaja Bàríkísù na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká náà bí ẹni tó fẹ́ di ọ̀rọ̀ mú, ṣùgbọ́n kò tíì ka ìlà kan dé òpin tí gbogbo rẹ̀ tún fi funfun báláú, tó ṣú, tó tún mọ́. Ó tẹ ìdérí ẹ̀rọ náà síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń gbá rédíò láyé àtijọ́. Ojú ẹ̀rọ náà kò yé ṣẹ́jú.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Tó bá di aago mẹ́wàá, àáfà yóò jókòó nílé àwọn ọkọ Hàúwà, ọmọ Alhaja, lẹ́yìn ọjà Ìpátá, wọn yóò sì sọ ọmọ Hàúwà lórúkọ. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ ni fún Alhaja. Ọdún méje ni Hàúwà fi wá a. Láti ilé tí Alhaja wà yìí ní GRA dé ọ̀hún kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ṣùgbọ́n kò lè jáde ní géètì.

Iṣẹ́ ìdánwò ló gbé e débẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò àṣekágbá ló kó àwọn tíṣà tí ń kọ ìbéèrè jọ sílé kan, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti géètì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde, bébà kankan kò gbọdọ̀ jáde, títí gbogbo ìbéèrè yóò fi pé tí wọn yóò fi dì í. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yẹ kó parí. Ìwé kan ṣoṣo ló kù, ti èdè Yorùbá, ti Alhaja. Nírọ̀lẹ́ àná tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ inú ìpín tó kẹ́yìn ni iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò lépo, tí bátìrì kọ̀ǹpútà kú, tí gbogbo àmì tí kò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ. Nígbà tí iná dé lówùúrọ̀ yìí, tó tan ẹ̀rọ náà, ojú tó ń ṣẹ́jú yìí ló bá pàdé.

Ọjọ́rú tó kọjá ni àwọn ará ilé Hàúwà fi fóònù bá Mùtíù, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, sọ̀rọ̀, tó wá kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Màmá, wọ́n ní obìnrin ni o!" Kí ó tó pa ẹnu dé ni orúkọ ti sọ sí Alhaja lọ́kàn: Àríyọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í pe orúkọ ìkókó jáde kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ni pé ó yí páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, ó fi orúkọ ọmọ síbẹ̀ tàmìtàmì, kí ìka lè máa pe ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ pè. Láràárọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, tó sì ń dá rẹ́rìn-ín.

Olúfẹ́mi ló kọ́kọ́ sáré dé nígbà tí Alhaja figbe ta. Tíṣà ìṣirò ni, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ó ti parí ìbéèrè tirẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ilé ń pe òun náà.

"Màmá, ṣé ẹ ti pa á rí látìgbà tí a ti dé?"

"Pa á kẹ̀? Mo kàn máa ń dé e ni."

Olúfẹ́mi fa àga. Ó dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ó yọ wáyà iná, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Pàbó ló já sí. Ó wá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀, gbogbo àwòrán pòórá, ojú dúdú kan yọ, lẹ́tà funfun wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀. Ojú dúdú náà dúró jẹ́ẹ́, kò mira.

"Ẹ wò ó," ni Olúfẹ́mi wí. "Ojú rẹ̀ ò ṣàìsàn. Dírẹ́bà ni."

"Dírẹ́bà báwo?"

"Ohun tó ń wa àwòrán dé ojú rẹ̀ nínú Linux yìí, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Kí a tó wọlé síbí, wọ́n ti so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti gba dírẹ́bà tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ ò pa á, torí náà ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń wà á. Àná tí bátìrì kú, tó tún wá jí lónìí, ẹni tuntun ló bọ́ sídìí ọkọ̀. Kò sì mọ̀nà."

"Dírẹ́bà wo?" Alhaji Abdulkadir ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, alábòójútó ilé náà, kọ́kọ́rọ́ géètì ń fì lọ́rùn rẹ̀. "Mo ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé síbí. Ì báà ṣe dírẹ́bà gómìnà."

Wọ́n ṣàlàyé fún un títí. Ó gbọ́, kò gbọ́ tán, ó dúró síbẹ̀.

Ojú dúdú náà ń béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Olúfẹ́mi ní bí Alhaja bá ti wọlé láti ibẹ̀, òun lè pàṣẹ kí dírẹ́bà àtijọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Alhaja tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ó kọ̀.

"Màmá, àbí ẹ fi àmì sí i ni?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní fi àmì sí i?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Olúfẹ́mi, ó sáré fi ọwọ́ bò ó. Ta ni kò mọ Alhaja? Ọgbọ̀n ọdún ni Alhaja ti fi ń fi bírò pupa lé àmì tí kò sí níbi tó yẹ kó wà, débi pé Ìyá Àmì làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Wọ́n rò pé kò mọ̀.

"Ojú dúdú yìí ò mọ àmì, Màmá. Lẹ́tà òyìnbó lásán ló mọ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, ká jọ wá ọgbọ́n dá sí i."

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kì í ṣe torí ìyẹn. Kò tíì tó àkókò tí ẹnu ń pè é."

Olúfẹ́mi kò mọ ohun tó ń wí, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀, ó sì yíjú padà sí ẹ̀rọ náà. Alhaja jókòó. Ojú kan ń ṣẹ́jú, ó gba àmì. Ojú kejì dúró jẹ́ẹ́, kò gba àmì. Òun nìyí láàrin méjèèjì, géètì ń bẹ nísàlẹ̀ tòun ti àgádágodo. Ó wù ú kó bú sẹ́kún níṣojú àwọn ọkùnrin méjèèjì, ojú tì í.

"Ọ̀nà kan kù," ni Olúfẹ́mi wí níkẹyìn. "Bó bá ṣe ń jí gẹ́lẹ́, bọ́tìnnì kan wà tí a máa tẹ̀, yóò to ti àtijọ́ àti tuntun sílẹ̀, a ó sì yan èyí tó wù wá. Bọ́tìnnì náà gan-an ni mo gbàgbé."

Ó pa á, ó tàn án, ó tẹ ọ̀kan. Òun kọ́. Ó pa á, ó tún un tàn. Òun náà kọ́. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni ìlà mẹ́rin jáde lójú dúdú, Olúfẹ́mi lọ sórí èyí tó wà nísàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn sì di ẹ̀mí mú. Àwòrán yọ. Kò ṣẹ́jú. Alhaja fi ìka pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí.

"Alhamdulillahi," ni Alhaji wí, bí ẹni pé òun ló tún un ṣe.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá. Alhaja ṣí ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó lọ sí ìpín tó kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ wà ní ìhòòhò, láti ìbéèrè kìíní dé ìkejìlá, kò sí àmì kan lórí wọn. Iṣẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ ni, bí ọwọ́ bá yá.

Alhaji náà rí i. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Alhaja, mo mọ ohun tó ń bẹ nílé yín lónìí. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ á mọ ohun tí ẹ ń wí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ká dì í, kí n ṣí géètì. Ẹ ó bá wọn níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì ìtẹ̀wé. Ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó ti ń rí Hàúwà lórí ẹní. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ìbéèrè kejìlá: Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin igba, igba, igba àti igba.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí i, ẹ̀rín sì ń pa á. Ó rò ó wò pé ọmọ kan lábúlé jókòó síwájú igba mẹ́rin tí kò yàtọ̀ síra, tó ń jẹ ìdí bírò, tó rò pé òun ló gọ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí òun ń wò yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, kò lè kúrò níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Mi ò ní lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ lọ."

Ó ya bébà, ó kọ orúkọ náà sí i, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́nu géètì. Alhaji tẹ̀ lé e, ó sì dá a dúró kí bébà tó kan ọwọ́ Mùtíù.

"Bébà kì í jáde, Alhaja. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Ẹnu ńkọ́? Ṣé ẹnu ń jáde?"

Alhaji rò ó. "Ẹnu Mùtíù lè jáde. Níṣojú mi."

Alhaja wo Mùtíù. Kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹrin, òun ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò sí ohun tí Alhaja fọkàn tán láyé ẹ̀ tó bírò, kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n aago ti ń lọ sí mẹ́wàá. Ó mí kanlẹ̀, ó sì pe orúkọ náà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Àríyọ̀."

"Kí ló túmọ̀ sí?" ni Alhaji béèrè kíákíá. Ojú ẹni tó ń wá àdììtú ló fi wò ó.

"A rí i, a yọ̀."

"Ẹ̀yin ti rí i?"

"Rárá."

Alhaji gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó tún fi í sílẹ̀. "Pè wọ́n," ló wí fún Mùtíù.

Mùtíù gbé fóònù sétí. "Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Láti ọ̀dọ̀ Màmá ni. Màmá ní òun ò ní lè tètè dé, kí ẹ má bínú. Màmá ní orúkọ tí òun sọ ọmọ ni Àríyọ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó tún balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Alhaja gan-an. Alhaja dúró, ó ń gbọ́, ẹnu yà á.

Mùtíù mú fóònù kúrò létí. "Màmá, Hàúwà ní àáfà fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní báwo ni àmì rẹ̀ ṣe lọ, pé ẹ ó bínú bí wọ́n bá ṣì í."

Alhaja ya ẹnu láti kà á fún un, láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ Mùtíù, ariwo àwọn obìnrin ilé sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ọ̀kan ń pe orúkọ náà, òmíràn gbà á, arúgbó kan fi ń ṣàdúrà, ẹnì kan ti ń fi í kọrin. Kò sí èyí tó rí i lórí ìwé nínú wọn. Kò sì sí èyí tó ṣì í pè.

"Sọ fún Hàúwà kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀," ni Alhaja wí. "Wọ́n ti mọ̀ ọ́n."