Pẹ́pẹ́yẹ Oṣù Kejìlá

Ẹ má bi mí bóyá ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn ni ohun tí a rí lójú rédà lọ́jọ́ náà. Ó ti sú mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń bi mí, kò sì sẹ́ni tó béèrè Yerden lọ́wọ́ mi rí.

Yerden ló ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun. Èmi Tulegen ni mo ń jókòó ti rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó ń fò lókèèrè hàn, ní ibùdó wa létí adágún Balkash, nígbà tí Mọ́sko ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa. Ọmọ darandaran ni àwa méjèèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, àmì kan yọ lójú ẹ̀rọ. Ó dúró, ó sáré, ó tún dúró. Wọ́n ní kí Yerden gbéra lọ wò ó. Ṣùgbọ́n mo ti rí irú ẹ̀ rí. Bí atẹ́gùn gbígbóná bá gùn lé tútù lórí, ó máa ń tan rédà jẹ, ohun tó wà nílẹ̀ á wá dà bí ohun tó ń fò.

"Ọ̀gá, atẹ́gùn lásán ni," ni mo sọ fún Méjọ̀ Gudkov, ọ̀gá wa tó wá láti Mọ́sko. "Ẹ jẹ́ kí Yerden máa bọ̀, kùrukùru ti bolẹ̀."

"Ta ló bi ẹ́? Sọ fún un kó sọ̀kalẹ̀ sí i."

Mo sọ fún un. Yerden bú sẹ́rìn-ín nínú rédíò. "Olórí àgùntàn, kí lo ní kí n wá wá níbí? Mi ò rí nǹkan kan!" A ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ já nínú kùrukùru, ó sì bá a lọ.

Bí Gudkov bá kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ pé atẹ́gùn ni, wọ́n á bi í pé kí ló rán ọmọ ọlọ́mọ lọ lé. Bó bá kọ ọ́ pé a ò mọ ohun tó jẹ́, àwọn olùbéèrè á dé láti Mọ́sko. Ló bá kọ ọ́ pé ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó ni, pé Yerden ló ń fi wọ́n ṣeré tó fi já. Ìyẹn ni pé orúkọ Yerden ò ní sí lára òkúta àwọn akọni lábúlé wọn.

"Fọwọ́ sí i," ló wí.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Láti oṣù Kẹwàá ni pẹ́pẹ́yẹ ti ń lọ, omi adágún ti dì di yìnyín. Irọ́ funfun báláú ni! Mo fọwọ́ sí i, mo ní àwọn ọ̀gá àgbà á rí i fúnra wọn, ẹnu mi ò ní sí níbẹ̀. Àṣé ará ìlú ńlá ni gbogbo wọn, wọn ò mọ ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ ń lọ. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lù ú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Bóyá òótọ́ tiwa ti kán lẹ́sẹ̀.

Màmá Kulyash, ìyá Yerden, ló mú ìwé àbọ̀ náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i wá bá mi nílé. Mo bu tíì fún un.

"Tulegen, ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Seyit darandaran ni mí, Mà."

"Pẹ́pẹ́yẹ máa ń wà níbí lóṣù Kejìlá?"

"Rárá, Mà."

"Mo ti dárí ji ọ̀gá yín. Àjèjì ni, kò mọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó dìde, kò fẹnu kan tíì mi.