Ewúro Ẹ̀yìn Fèrèsé

"Ọwọ́ rẹ jáde! Mo fi ojú mi méjèèjì rí i, ọwọ́ rẹ jáde!"

Ìyá Àmúsà ló ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n Bàṣírù, ahunṣọ Ìsẹ́yìn tó ti di olóògbé. Àdìjátù, opó Bàṣírù, dúró ní ojú fèrèsé yàrá rẹ̀, ewé ewúro tó já níta kún ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta rèé tó ti wọlé opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò lò kó tó fẹsẹ̀ kan ìta.

"Ìyá Àmúsà, ọwọ́ mi ló jáde. Èmi wà nílé."

"Ọwọ́ ta ni? Ó yá, tún ọjọ́ opó náà kà láti ení!"

"Kí ọwọ́ nìkan tún tiẹ̀ kà. Àlùfáà ní kí n jókòó, wọn ò ní kí n di òpó ilé."

"Kí lo fẹ́ fi ewé ṣe? Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

Kì í ṣe ebi. Kíkẹ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ́sàn-án ojú rẹ̀ a là kedere, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, a máa táràrà. Lánàá, ó fẹsẹ̀ gbá búta omi àlùwàlá tó wà níwájú rẹ̀ gbangba. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ ọ́ kí Bàṣírù tó kú: oúnjẹ ojú ń bẹ nínú ẹ̀fọ́ tútù, kí wọ́n fi epo pupa sè é fún ọmọ lójoojúmọ́, kí wọ́n má fún omi rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n Ìyá Àmúsà ló ń dáná fún opó. Kánún ló fi ń bọ ẹ̀fọ́, a fún un bí ẹni fún aṣọ, a da omi rẹ̀ sí àkìtàn. Látìgbà tí ọyẹ́ sì ti dé, kò sè é mọ́ rárá. Ewúro ẹ̀yìn fèrèsé yìí nìkan ló kù tó tutù lágbo ilé.

"Ẹ jẹ́ n sè é fún un. Ojú ọmọ àbúrò yín ni."

"Mílíìkì agolo tí mo ń rà fún un ńkọ́? Láyé tí mọ́tò ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, o fẹ́ fi oúnjẹ ewúrẹ́ bọ́ ọmọ Bàṣírù!"

"Ewúrẹ́ tí ẹ ń wí, ẹ ti rí èyí tó forí sọ ògiri nírọ̀lẹ́ rí?"

Ìyá Àmúsà yà sí ilé ìdáná, ó mú àdá jáde.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn Àdìjátù. Bó bá gba ibẹ̀ jáde, mọ̀lẹ́bí Bàṣírù á gba Kíkẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú.

"Ìyá Àmúsà, ẹ gé ẹ̀ka tó kan fèrèsé. Ẹ fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ìdí ẹ̀ gan-an ni mo bá wí."

Kíkẹ́ wọlé wá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń fi wọ́n wá aṣọ opó ìyá rẹ̀.

"Màámi, kí ló ń dún?"

Àdá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ewúro wó lulẹ̀.