Omi Inú Ògiri

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé-ìwé tí Hájíà Kúlúsúmù jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, àwọn àgbà Minna pàápàá bá a níbẹ̀ ni. Ìjọba fẹ́ wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Hájíà bẹ̀bẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi bó. Níkẹyìn, Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba, ní:

"Ó dáa. Ẹ fa omi ẹ̀rọ sí i. Bó bá gbà á, yóò dúró. Bí kò bá gbà á, katakata ni yóò wó o."

Jẹ̀lílì púlọ́ńbà fẹ́ gbé páìpù gba ìta.

"Níta? Haba, Jẹ̀lílì! Ṣé a máa ń so okùn mọ́ ojú ìyàwó? Gbẹ́ ògiri, kí o rì í sínú."

Jẹ̀lílì rẹ́rìn-ín. "To, Hájíà. Ojú ìyàwó kò ní bàjẹ́."

Nígbà tó parí, àwọn ìyá ọmọ ilé-ìwé wá rẹ́ ògiri bí ìṣe wọn lọ́dọọdún. Amọ̀ tí wọ́n fi mákúbà pò ni, omi èèpo irúgbá tí wọ́n sè títí tó fi pọ́n. Ògiri tí mákúbà bá bò, òjò kì í wọ̀ ọ́. Òun ló gbé ilé náà dé òní.

Adégbọlá fọwọ́ pa ògiri náà lára. "Ìyá wa, ẹ ṣẹ́gun wa." Kúlúsúmù rìn lọ sílé ní Fadikpe bí ẹni tó ń fò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ kírun, ògiri kíláàsì kan rọra jókòó sílẹ̀ bí arúgbó tó ti rẹ̀. Hájíà bá Jẹ̀lílì lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó di oríkèé páìpù mú, omi ń kán níbẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti ń jò?"

"Ó ti pẹ́. Inú ògiri ti di ẹ̀kọ, Hájíà."

"Kí ló dé tí a kò rí i?"

Kúlúsúmù bẹ̀rẹ̀, ó he àfọ́kù kan lára amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbingbin. Iwájú rẹ̀ gbẹ, ó ń dán. Mákúbà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé kò jẹ́ kí èyí jáde.

Adégbọlá dé. Kò bínú, ìyẹn ló dun Hájíà jù.

"Ìyá wa, páìpù yìí yí gbogbo ilé ká, àbí?"

"Ó yí i ká."

"Ṣé ẹ lè búra pé ibòmíràn kò jò?"

Hájíà wo àwọn ògiri yòókù. Gbogbo wọn ń dán, kò sí àbàwọ́n kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wó ṣe rí láàárọ̀.

"Mi ò lè búra."

Adégbọlá mú fóònù rẹ̀ jáde, ó yí ẹ̀yìn sí i kó tó pe àwọn oníkatakata.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ìyá ọmọ ti gbé ìkòkò mákúbà dé láti àdúgbò Shango, wọ́n fẹ́ tún ògiri ṣe. Kúlúsúmù pàdé wọn lẹ́nu géètì.

"Ẹ gbé e padà. Ẹ má dà á nù o. Ẹ fi rẹ́ ilé yín."