Ibi Ìsinmi Keje

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ rẹ̀ pé ibojì bàbá wa ní Nubama ni mo fẹ́ lọ gbá, kí orúnkún mi tó kọṣẹ́ pátápátá. Ó ní ibi tí ó jẹ́ òótọ́ dé. Ṣùgbọ́n eérú ni mo fẹ́ lọ bù, ẹ̀kúnwọ́ kan péré, láti inú ààrò ìyá àgbà wa.

Oṣù kẹta òṣùpá ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin erékùṣù wa máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ ẹsẹ̀ wọn nínú òkun, ẹ̀gbọ́n mi Hatsue yóò bu eérú ààrò ilé wa fún Misuzu ọmọ rẹ̀, kí òun náà lè máa kí iná, òrìṣà tó ń ṣọ́ ilé, nínú ilé tirẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé eérú tí Hatsue fẹ́ bù yẹn kì í ṣe eérú ilé wa. Èmi nìkan ni mo mọ̀, ọdún méjìlélọ́gọ́ta sì nìyí tí mo ti pa ẹnu mọ́.

Nubama kò sí mọ́. Igbó ti jẹ ẹ́, ọ̀nà ọkọ̀ kò sì dé ibẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí gbogbo ìlú kó lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó àwọn èèyàn, wọ́n kó ẹrù, wọ́n kó ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá àgbà wa nìkan ló kọ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí kí iná gun orí òkun, pé ẹsẹ̀ ni iná ilé òun yóò fi rìn. Ó bu eérú ààrò sínú ìkòkò kékeré kan, ó dé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la gba etíkun àti inú igbó wá sí Shirahama, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà mẹ́sàn-án la jókòó sinmi, ó ń kà á sókè kí n má baà sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú la pàdé nílé Hatsue láti ṣètò ìrìn náà. Misuzu tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àwọn àlejò rin odò àti igbó, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kó máa to nǹkan sínú ìwé. Ó ti kọ àgọ́ sílẹ̀, ó ti kọ ìrẹsì, iyọ̀ fún eṣúṣú, bàtà tí kì í yọ̀ lórí òkúta. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń bó ìbẹ́pẹ tútù. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀.

“Bàbá, láti ẹnu odò yìí dé ẹsẹ̀ òkè, wákàtí mélòó ni?”

“Ìsinmi méjì.”

“Wákàtí ni mo ní.”

“Mo gbọ́ ọ. Ìsinmi méjì ni.”

Misuzu yíjú sí ìyá rẹ̀. “Màámi, ẹ bá mi bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ o. Fọ́ọ̀mù tí èèyàn ń fún ọlọ́pàá kó tó wọ igbó ò láyè ìsinmi. Wákàtí ni wọ́n ń bèèrè.”

“Ṣé ọlọ́pàá ló fẹ́ bá a rìn?” Hatsue kò gbójú sókè. “Jẹ́ kó kà á bó ṣe mọ̀ ọ́n kà.”

A dé orí ọ̀rọ̀ òkun. Etí àpáta kan wà lọ́nà tí èèyàn kò lè gbà kọjá àfi kí omi fà gan-an. Mo fi ìka ka òṣùpá, mo ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì ló dára, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Misuzu tẹ fóònù rẹ̀ títí, ó ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ kan náà.

“Fóònù rẹ gbọ́n o,” ni mo wí. “Ta ló kọ́ ọ?”

Hatsue rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn díẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ibi ìsinmi láti Nubama wá, bí ìyá àgbà ṣe kà wọ́n. Ìkíní ni òkúta pẹlẹbẹ tí ìyá àgbà ti fi iyọ̀ yọ eṣúṣú lẹ́sẹ̀ mi, tó sọ fún un pé, “O ti yó, máa lọ sílé ẹ.” Ìkejì, abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ dà bí yàrá. Ìkẹta, etí àpáta yẹn, níbi tí a ti dúró de omi kó fà, tó ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kú sí mi létí, tí èmi sì ń ka akàn. Mo ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà náà ń là lójú mi, mo ń gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún bá mi rìn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi, mi ò sì ní purọ́, àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Ọ̀bẹ Hatsue ti dúró. “Mo rí yín láti inú ọkọ̀,” ó ní. “Aṣọ funfun orí ìyá àgbà ni mo rí kẹ́yìn tó wọ igbó. Mo sunkún títí mo fi bì. Màámi ní òkun ló ń kọ mí. Òkun kọ́! Èmi tí mo jẹ́ obìnrin, èmi tí mo máa kí iná ọ̀hún, okùn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fún mi dì mú. Ìwọ ni wọ́n gbé iná fún.”

Ó ti sọ ọ́ fún mi bí ìgbà ọgọ́rùn-ún láti kékeré. Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń fi ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín sí i.

Misuzu ń fi pẹ́ńsù sàmì sí máàpù. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

“Bàbá, mẹ́jọ ló wà níbí.”

“Mẹ́jọ kẹ̀?”

“Ẹ ní mẹ́sàn-án. Ẹ sì wo ibí yìí: láti odò yìí, tó jẹ́ ìkẹfà, ẹ fò lọ sí òkè ọ̀hún. Ìrìn ọjọ́ kan nìyẹn. Ìyá arúgbó tó ń sinmi káàkiri, ṣé ó fò níbí ni?”

“Mo ti gbàgbé ìyẹn.”

“Ìwọ?” ni Hatsue wí. “Ìwọ tó rántí ohun tí wọ́n sọ fún eṣúṣú?”

Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé bí èèyàn bá dàgbà, wọn kì í fi ìbéèrè lé e bí ẹni lé ewúrẹ́. Mo dìde kí n jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni ẹnu ọ̀nà wà, àwo eérú tí Hatsue ń kí sì wà lẹ́yìn sítóòfù náà pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ àti ewé tútù tí Hatsue já láàárọ̀. Àràárọ̀ ló ń já ewé náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rìn ju ogún lọ. Mo padà wá jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́.”

Mo sọ ọ́. Ibi ìsinmi keje ni a sùn sí ní alẹ́ ọjọ́ kejì, létí odò kékeré kan. Ní òwúrọ̀, ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ lọ wo bí òkun ṣe rí. Ó ní kí n má gbé ìkòkò náà kúrò nílẹ̀. Mo gbé e dání lọ bọ́jú, nítorí mo fẹ́ kó bá mi pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ bí akọni. Òkúta yọ̀ mí. Ìdérí ṣí, omi sì gbé eérú náà lọ, gbogbo rẹ̀. Mo fi ẹ̀wù mi nu inú ìkòkò, mo sáré lọ sídìí iná tí a dá mọ́jú, mo bu eérú ibẹ̀ kún un, mo dé e.

“Eérú tí ẹ ń kí nìyẹn,” mo ní. “Kì í ṣe tilé wa. Mi ò fẹ́ kí ẹ bu irọ́ fún Misuzu.”

Omijé ń bọ̀ lójú mi, mi ò sì nù ún.

“Ta ló dá iná yẹn?” Hatsue bèèrè.

“Ìyá àgbà ni. Ó fi sun ànàmọ́ fún mi.”

“Nígbà tó ti òkun dé, kí ló ṣe?”

“Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi. Ó gbé e mọ́ ikùn, ó dúró díẹ̀. Ó ní, ‘Iná wa ṣì gbóná.’ Ó wá gbé e padà fún mi, ó ní ó yá, ká máa lọ. Mo tàn án jẹ, Ẹ̀gbọ́n. Kò tó oṣù méjì tó fi kú.”

Hatsue gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mi ò bá mọ ìṣirò.

“Zentoku. Eérú tí ẹ bù ní Nubama, ó di ọjọ́ mélòó láàárọ̀ yẹn?”

“Ọjọ́ kẹta.”

“Eérú ọjọ́ kẹta, nínú ìkòkò tútù. Kí ni yóò mú un gbóná?”

Arúgbó ni mí, mo ti tọ́ ọmọ, mo ti sin ìyàwó, mi ò sì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

“Ó mọ̀,” ni Hatsue wí. “Obìnrin tó ti ń dá iná láti kékeré, ìwọ ọmọ ọdún mẹ́jọ lo fẹ́ tàn án? Ó mọ̀, ó sì gbé e padà fún ọ.” Ó yíjú sí àwo eérú. “Iná tí ó dá kẹ́yìn lójú ọ̀nà náà ni mo ti ń kí láti ìgbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.”

Ó sunkún, èmi náà sunkún. Misuzu lọ gbé tíì wá, ó sì pẹ́ kó tó padà dé.

Nígbà tó jókòó, ìyá rẹ̀ fa máàpù náà sọ́dọ̀. “Ṣé ọkọ̀ kékeré lè dé etíkun odò kékeré tí wọ́n sùn sí yìí?”

“Bí omi bá kún, ó lè dé ibẹ̀.”

“Ẹ gbé mi sọ̀ síbẹ̀, kí ẹ tó máa lọ. Èmi àti ànàmọ́ á dúró dè yín. Bí ẹ bá ń bọ̀, ibẹ̀ la ó sùn.”

“Eérú Nubama tí mo fẹ́ lọ bù ńkọ́?” mo bèèrè.

“Ṣebí ibojì lo ní o ń lọ gbá? Lọ gbá a. Eérú wà nílé.”

Misuzu fi pẹ́ńsù sàmì keje sí ẹ̀bá odò náà. Ó gbé fọ́ọ̀mù wá sí iwájú rẹ̀.

“Wákàtí mélòó ni kí n kọ síbẹ̀?”

“Kọ ìsinmi,” ni Hatsue wí.