Ọwọ́-Kì-Í-Gbọ̀n

Abẹ́rẹ́ náà gbọ̀n.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì kan ojú. Ṣùgbọ́n nínú tẹlifíṣàn ńlá ara ògiri, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ń jó bí ìrù ajá tó rí olówó rẹ̀. Dókítà gbé ọwọ́ kúrò. Ọwọ́-Kì-Í-Gbọ̀n ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é, kò sì kọ orúkọ náà rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà lábẹ́ aṣọ àwọ̀ ewé. Gùlókómà, àrùn ojú tó dà bí olè tí kì í kan ilẹ̀kùn, ti kó ojú òsì rẹ̀ lọ. Ọ̀tún nìkan ló kù. Ọ̀pá kan tó tín-ín-rín ju irun lọ ni wọ́n fẹ́ kì bọ̀ ọ́, kí omi tó há sínú ojú lè rọ́nà jáde. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, ó parí nìyẹn.

"Àbúrò mi, o dákẹ́." Ojú nìkan ni wọ́n fún lóògùn kó má mọ ìrora, ẹnu ẹ̀gbọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Mò ń ronú ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Yáa tètè rò ó tán. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ abẹ, wà ní kọ̀rọ̀. Dókítà mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbà tí àlejò bá fẹ́ ya fọ́tò nìkan ló máa ń sún mọ́ ọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ìdajì àkọ́kọ́ òwe yìí nìkan ló máa ń pa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lo ẹ̀rọ," ó sọ fún nọ́ọ̀sì.

"Ó ti wà ní sẹpẹ́ láti àárọ̀, ọ̀gá." Kò wò ó lójú.

Dókítà jókòó, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú. Ọwọ́ tirẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fẹ́ gbígbọ̀n náà dànù bí ẹni fẹ́ ìyàngbò. Kìkì ohun tó ní lọ́kàn ló dé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀pá wọlé wẹ́rẹ́. Omi rọ́nà.

Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, ẹ̀gbọ́n wá ọwọ́ rẹ̀ kàn.

"O ṣeun. Láàárọ̀ tó o dì mí lọ́wọ́ mú, ṣe ló ń gbọ̀n. Àdúrà tí mò ń gbà ni pé kó o ṣáà lo ẹ̀rọ yẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ? Ṣé o máa gbọ́ ni?"

Ó padà sí ọ́fíìsì, nọ́ọ̀sì sì gbé tíì wá, ààbọ̀ ife, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ mélòó kan, tí Dókítà sì ń rò pé ahun ló ń ṣe. Dókítà gbé ife. Tíì fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó kan etí ife, ṣùgbọ́n kò dà. Ó wò ó títí.

"Ẹ ṣé," ó ní.

"Tíì ààbọ̀ ife lásán, ọ̀gá?"

"Mo ní ẹ ṣé."