Orúkọ Ìyá Atukọ̀

Ìtàn òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, ọba àti ọ̀gágun ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ta ló sọ fún wa nípa ẹni tó tu ọkọ̀ fún àwọn tó ń sá fún ọ̀gágun? Kò sẹ́ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọba sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ká lọ sí yàrá kan ní Chicago lọ́dún 1984, níbi tí ìyá arúgbó kan dùbúlẹ̀ sí tó ń wo yìnyín lójú fèrèsé.

Sàdíátù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń wa mọ́tò wá síbi iṣẹ́ láti Bolingbrook, ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí yàrá náà wà. Poland ni wọ́n ti bí ìyá yìí. Nígbà ogun Hítílà, òun ló ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ pa sọdá odò ní ìdájí, tó ń fi àpò pòtétò bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sọ orúkọ fún wọn, torí ẹni tí wọ́n bá mú lè jẹ́wọ́. Atukọ̀ lásán ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó wá dé Amẹ́ríkà, ó lọ́kọ, ó di Missis Nóvàk. Ọkọ kú, kò sì sọ́mọ.

"Hanka ni ìyá mi ń pè mí," ló sọ fún Sàdíátù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Látìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Pè mí kí n tó lọ."

Sàdíátù rẹ́rìn-ín. "Mama, ẹ sinmi."

Kò pẹ́ tí ìyá fi ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè, pé odò ti dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Sàdíátù ò bá a jiyàn. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sókè. Ilé òdìkejì ti pòórá nínú yìnyín, àwọn méjèèjì sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká má purọ́, ó pẹ́ díẹ̀ kí Sàdíátù tó rántí pé ilẹ̀ gbígbẹ lòun wà.

"Ta ló wà lébúté?" ni ìyá bi í.

"Mi ò rí èèyàn, Mama."

"Wọn ò mọ orúkọ mi. Báwo ni wọ́n ṣe máa pè mí síbi tílẹ̀ wà?" Ẹ̀rù ń bà á, omijé sì ń ṣàn.

Àánú ṣe Sàdíátù. Ó la ẹnu, "Mama" náà ló tún jáde. Ìyá kọjú sógiri.

Josephine, nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá a wí nígbà tí wọ́n ń jẹun. "O ò ṣe pè é? First name ni gbogbo ayé ń jẹ́ níbí. Supervisor wa ńkọ́, ṣé kì í ṣe Bob lò ń pè é?"

"Bob ò dàgbà tó ìyá mi, ìyá yìí sì ju ìyá mi lọ. Kí n wá la ẹnu gbàgà, kí n máa pe àgbà ní Hanka bí ẹni tá a jọ ń ṣeré òṣùpá?"

"Ọ̀wọ̀ tó ń pa ẹni tá a bọ̀wọ̀ fún lẹ́kún, irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Sàdíátù wọ egungun.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní kò ní pẹ́ mọ́. Èémí ìyá ti di fẹ́ẹ́rẹ́. Sàdíátù kúnlẹ̀ tì í, ìkúnlẹ̀ yẹn ló sì là á lọ́yẹ. Òwúrọ̀ ọdún Iléyá, báyìí náà ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń ké oríkì rẹ̀, tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ gan-an, tí orí ìyá àgbà á sì wú. Nínú oríkì, ọmọdé lè dárúkọ àgbà kó má di àfojúdi. Ó ṣe mí bíi kí n bú u pé kò rántí látàná.

"Hanka," ló bẹ̀rẹ̀.
"Hanka, atukọ̀ ìdájí,
Ó ko kùrukùru lójú, kùrukùru yà fún un.
Ìyá tí ò bímọ, tí ọmọ rẹ̀ kún èbúté.
Hanka, agbọmọ-lọ́wọ́-ikú,
Hanka, gúnlẹ̀ wá o."

Ìyá lajú. Ó dáhùn lédè ilé wọn, ohùn tín-ín-rín, ohùn ọmọdébìnrin tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé. Sàdíátù ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ bí ọmọ ṣe ń jẹ́ ìpè ìyá rẹ̀?

Ó tún pè é, ìyá tún jẹ́. Nígbà tí kò jẹ́ mọ́, Sàdíátù ò dìde. Ó ṣì ń pè é lọ.