Bébà Abẹ́ Ẹ̀wù

Àrìnkẹ́ bímọ tán, ó dákẹ́. Sùrájù, ọkọ rẹ̀, fi ìborùn olóògbé so ọmọ náà mọ́ àyà, ó gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Ìkòsí, ó forí lé ọsibítù. Ọyẹ́ mú bí abẹ. Ó ti fi àkísà wé ọwọ́ kí ìka rẹ̀ lè di bíréèkì mú, ó sì ti tẹ́ bébà sábẹ́ ẹ̀wù, bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣe kí atẹ́gùn má baà wọ̀ wọ́n láyà.

Ní Kétu, ó fọwọ́ kan ọmọ. Ó tutù bí omi àmù, kò mira.

“Yéè! Èmi òpònú! Bébà yìí ló ń dènà ooru ara mi fún ọmọ!”

Ó já bébà náà yọ, ó fi bo ẹ̀yìn ọmọ, ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀wù mọ́ ara rẹ̀ gan-an, ó tún ń wa kẹ̀kẹ́ lọ bíi wèrè, ó ń bẹ Ọlọ́run.

Nígbà tó yá, ẹnu kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá kiri láyà rẹ̀. Sùrájù bú sẹ́kún.

Ọmọ ń wá ọmú.